Apá Ahọ́n Tí Kò Mọ Iyọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ti gbé ilé aláró rí, ẹ kàn sọ létí rẹ̀ pé aró ń rùn. Bó bá bínú, ẹ ti rí i. Èmi a máa bínú. Ó rùn lóòótọ́, mi ò jiyàn: òórùn ewé tó ti rà, òórùn eérú, òórùn ìkòkò tí oòrùn ti sè. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tí wọ́n gbé mi wọ ilé ọkọ mi ní Ṣàgámù tí mi ò fi gbọ́ òórùn náà mọ́. Ó máa ń sú imú láti máa sọ ohun kan náà fún ni láràárọ̀. Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló máa ń fọwọ́ dí imú, àwa á sì máa wò ó bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Lónìí tí mo ti darúgbó, tí kò sí ìkòkò aró kankan lẹ́yìnkùlé mi mọ́, kò sí ohun tí mi ò lè fi tọrọ òórùn yẹn. Nígbà mìíràn, bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, á ṣe mí bíi pé mo gbọ́ ọ fìrí. Kí n tó dìde jókòó, ó ti lọ.

Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo délé ọkọ, ogun ṣì wà lójú ọ̀nà. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ìlú Rẹ́mọ kó ara wọn jọ sí Ṣàgámù kí wọ́n lè jọ gbèjà ara wọn, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ṣì ń sọ èdè ibi tó ti wá, wọ́n sì ń fi ti ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Òní ọ̀nà là, ọ̀la wọ́n ti dí i. Ọkọ mi ń ru epo lọ sí Ìkòròdú, bó bá sì ti jáde, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí yóò wọlé. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń gbélé. Yèyé ni mò ń pè wọ́n. Aláró ni wọ́n, kò sì sí aláró tó tó wọn ní gbogbo àdúgbò wa. Àwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í fi pamọ́. Bí aṣọ dúdú kan bá kọjá lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Èmi ni mo rẹ ẹ́," ì báà jẹ́ aṣọ ẹni tí wọn ò rí rí láyé.

Ẹ jẹ́ n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kó lè yé yín. A ó gún ewé èlú, a ó mọ ọ́n ní ìṣù, a ó sá a gbẹ. A ó sun igi di eérú, a ó da eérú náà sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, a ó bu omi lé e, omi eérú á sì máa kán tó, tó, tó sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi yìí la ó rẹ èlú sí, a ó dé e, a ó wá máa retí. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí o bá ki òwú bọ aró tí kò tíì jinná, àwọ̀ eku ni yóò mú jáde. Bí o bá jẹ́ kó kọjá àkókò rẹ̀, aró á kú mọ́ ọ lọ́wọ́, kò sì sí ohun tó lè jí i. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí ìfófòó orí aró a máa tanni. Imú, mo ti sọ tiẹ̀. Ahọ́n nìkan ló kù. Yèyé á ti ìka bọ ìkòkò, wọ́n á fi kan ahọ́n, wọ́n á dijú, wọ́n á tutọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní, "Ó kù díẹ̀," tàbí, "Ó yá, ẹ kó òwú wá."

Ahọ́n kan ni fún ìkòkò kan. Òfin ilé wa nìyẹn. Ẹni tó bá ń tọ́ aró wò ló ni ìkòkò, ẹni tó bá sì jẹ́ kí ẹlòmíràn tọ́ ọ wò fún òun ti di ẹni tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà máa kí àwọn tó ń kọjá. Nítorí náà Yèyé tọ́jú ahọ́n wọn ju bí ẹlòmíràn ṣe ń tọ́jú ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Ẹ sì mọ àwa ará Rẹ́mọ, bí a kò bá jẹ obì láàárọ̀, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Obì a sì máa sọ ẹnu di nǹkan mìíràn. Kí ni Yèyé wá ṣe? Wọ́n pín ahọ́n wọn sí méjì. Apá ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹ obì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Apá òsì, èèwọ̀, obì kò gbọdọ̀ kàn án, ti aró ni. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i nínú yàrá mi, mi ò jẹ́ rẹ́rìn-ín lójú wọn.

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Yèyé bu omi sẹ́nu kí wọ́n fi fọ ẹnu, omi náà sì dà sí wọn láyà. Wọ́n rò pé igbá ló lu. Wọ́n gbé igbá mìíràn, wọ́n bu omi sẹ́nu, ó tún dà. Ìgbà náà ni mo gbójú sókè láti ìdí iná.

"Yéè! Yèyé, ẹnu yín!"

Ẹnu wọn ti wọ́ sí apá ọ̀tún. Apá òsì ojú wọn kò mira mọ́. Iwájú orí apá ọ̀tún hun bó ṣe máa ń hun, ti apá òsì tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán bíi ti ọmọge, bíi pé àwọn obìnrin méjì ló pín ojú kan lò. Ojú òsì kò lè pa dé. Omi ń ṣàn lójú náà ṣáá, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé wọ́n ń sunkún. Nígbà tí mo sì gbé ọmọ odó pé kí n gún ohun tí a ó jẹ, Yèyé fọwọ́ dí etí òsì wọn, wọ́n ní kí n dá a dúró. Gìgì odó tí wọ́n ti ń gbọ́ láti kékeré wọn, wọ́n ní ó dà bí ẹni ń fi orí wọn gún un.

Ilé kún. Àwọn kan ní atẹ́gùn burúkú ló gbá wọn lójú. Àwọn kan ní ẹni tó bá ń pe "èmi, èmi" láyé, ayé á dá a lóhùn. Ẹ ò rí i, àwọn tó wá kí aláìsàn! A yọ́ òrí, a fi aṣọ gbígbóná tẹ ojú wọn. Ẹnìkan mú ataare wá, ó ní kí Yèyé jẹ ẹ́ sí apá tó kú náà. Wọ́n jẹ ẹ́. Ó ta wọ́n. Inú wọn dùn débi pé wọ́n pàtẹ́wọ́: "Ó ń ta mí! Ahọ́n mi yè!" Gbogbo wa dúpẹ́. Ojú lè wọ́, ẹnu lè yí, bí ahọ́n aláró bá ṣáà ti yè, kí la tún fẹ́? Ọpẹ́ yẹn ló wá da ilé rú.

Láti ọjọ́ yẹn Yèyé kò sọ̀rọ̀ ní gbangba mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ pe "baba" tàbí "apá," ètè òsì kò ní pàdé, afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò fẹ́ jáde. Nínú ilé, bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ já gaara, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sókè, á wá yé ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lójú èèyàn? Láéláé. Wọ́n á fi ìborùn bo ẹnu, èmi ni mo di ẹni tó ń gbẹnu wọn sọ̀rọ̀ fún àwọn oníbàárà. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ìta kejì kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ibẹ̀! Àánú wọn ṣe mí, mi ò ní purọ́.

Ìkòkò tí a ṣí lẹ́yìn ìyẹn, Yèyé tọ́ ọ wò, wọ́n ní ó ti jinná. A ki òwú bọ̀ ọ́. Àwọ̀ eku ló jáde. A ní eérú ni kò dára, a lọ sun igi mìíràn. Ìkòkò kejì, Yèyé ní kò tíì tó, ó kù, ó kù, títí aró fi kú pátápátá, tí ó ń rùn débi pé àwa tí imú wa ti kú náà gbọ́ ọ. Wọ́n bọ Ìyá Màpó, tó ni iṣẹ́ àwọn obìnrin aláró. Obì yàn. Síbẹ̀ àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í rántí pé àwọn ní ìbátan tó ń rẹ aṣọ ní àdúgbò mìíràn.

Ibo ni ẹ rò pé ọ̀rọ̀ náà máa já sí? Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ilé máa ń já sí ni. Ìyàwó tuntun wà nílé, ẹ sì tún ń wá ohun tó pa aró? Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ò dára. Wọ́n ní kí n tó wọlé, ẹnu Yèyé gún, aró Yèyé ń dú. Wọ́n ní oyún ńkọ́, oyún ò sí. Mo gbọ́ ọ lójú ọ̀nà odò, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri. Èyí tó dùn mí jù ni pé Yèyé jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìborùn lẹ́nu, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkọ mi dé láti Ìkòròdú, mo sunkún fún un. Ó ní kí n ṣe sùúrù, kí n máa gbọ́ ti ìyá òun. Ó yá, ó tún ru epo, ó lọ. Ẹ máa rántí, ọkọ tó fẹ́ràn mi nìyẹn o.

Nígbà náà ni Ìyá ahunṣọ gbé òwú wọn wá. Àgbà obìnrin kan ni wọ́n, lápá ọ̀hún ọgbà wa ni wọ́n ti ń hun kíjìpá, ọ̀rẹ́ Yèyé sì ni wọ́n láti ìgbà èwe. Òwú náà, àwọn fúnra wọn ló ran án, ẹ̀ẹ̀rùn lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, díẹ̀díẹ̀, fún aṣọ tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n fi wé àwọn lọ́jọ́ ikú. Ojú wọn ti wá fẹ́ fọ́, wọn ò tún lè ran òmíràn. Wọ́n ti búra pé ọwọ́ Yèyé ni yóò rẹ ẹ́, kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n gbé òwú náà lé Yèyé lẹ́sẹ̀, wọ́n wá sọ̀rọ̀ ketekete kí n lè gbọ́: "Tí èyí bá tún kú, ẹ dá ọmọ olọ́mọ padà fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. A ò lè fi ojú rere ba gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ wa jẹ́."

Yèyé mi orí sókè, wọ́n mì í sísàlẹ̀. Wọ́n gbà.

Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nígbà ayé wa. Kí wọ́n dá mi padà nítorí ẹsẹ̀ burúkú, ta ni yóò tún fẹ́ mi? Ìyá mi yóò ha lè jáde lọ pọn omi? Mo di ẹni tó ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn nínú ilé bíi pé bí mo bá tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ìkòkò mìíràn yóò kú.

Iyọ̀ ló tú àṣírí. Ọ̀nà ti dí nígbà náà, iyọ̀ wọ́n bí ojú, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti mú díẹ̀ wá, mo sì fi sọ́bẹ̀ lọ́jọ́ kan láti fi wá ojú rere. Yèyé jẹ òkèlè kan, wọ́n ní, "Ìwọ yìí, o ò fi iyọ̀ sí i." Mo ní mo fi sí i. Wọ́n ní mo fẹ́ fi ẹnu bá àwọn jà ni. Apá òsì ni wọ́n fi ń jẹun, ó ti mọ́ wọn lára, nítorí obì ló ni apá ọ̀tún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì kò sì lágbára mọ́, òkèlè á lọ jókòó sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó rí ilé gbé. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n ti ìka bọ ẹnu, wọ́n fi ti òkèlè náà sí apá ọ̀tún. Mo ń wo ojú wọn. Mo rí i nígbà tí iyọ̀ náà dé. Ìpéǹpéjú ọ̀tún gbéra díẹ̀. Wọ́n jẹun tán, wọn ò dárúkọ iyọ̀ mọ́.

Mo rántí pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bú ẹni tó ń ta obì, pé obì yìí korò, tòhún kò korò tó. Apá ọ̀tún ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìsinmi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lápá òsì ni kò mọ iyọ̀, tí kò mọ oyin, tí kò mọ kíkan, tí kò mọ kíkorò. Ata nìkan ló mọ̀. Bẹ́ẹ̀ aró náà a máa ta, omi eérú tó wà nínú rẹ̀ ló ń mú un ta ahọ́n. Nítorí náà Yèyé á fi ìka kàn án, á ta wọ́n, wọ́n á rò pé àwọn ti tọ́ ọ wò. Ohun tó wà lẹ́yìn títa yẹn, tó ń kan kí ó tó jinná, tó ń korò pẹ̀lú adùn díẹ̀ bó bá jinná, wọn ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti là á yé mi. Ó ní láti inú ọpọlọ ni àwọn iṣan kan ti ń jáde wá sí ojú, sí etí, sí imú, sí ahọ́n, méjìlá lápá ọ̀tún, méjìlá lápá òsì, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ní iṣan tó ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a fi ń rẹ́rìn-ín, òun náà ló ń gbé iyọ̀ àti oyin láti iwájú ahọ́n lọ sí orí, òun ló tún ń di nǹkan kan mú nínú etí kí ariwo má baà wọlé jù. Ṣùgbọ́n títa ata, iṣan mìíràn ló ni ín. Mo ní, "Ọ̀nà nìyẹn." Ó ní, "Màmá, iṣan ni." Mo ní, "Ọ̀nà ni jàre. Nígbà ogun, wọ́n á dí ọ̀nà Ìkòròdú, iyọ̀ kò ní wọlé. Ọ̀nà oko là, ata ń wọlé. Ẹni tó rí ata lọ́jà tó wá ní gbogbo ọ̀nà ló là, ṣé o ò ní fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò lọ sọ ọ́ fún olùkọ́ òun. Kó lọ sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní ìyàwó, kò sí nọ́ọ̀sì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi nìkan ni. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Tí mo bá sọ fún ará ìta, mo ba Yèyé jẹ́. Tí mo bá dákẹ́, mo dé Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn àgbà ní bí ojú bá ń ṣepin, ojú là á fi hàn. Mo dúró títí kò fi sí ẹnìkankan lágbàlá, mo kúnlẹ̀.

"Yèyé, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n fi nǹkan kàn yín láhọ́n. Ẹ dijú."

Ojú ọ̀tún dé. Ti òsì kò lè dé, mo fi ọwọ́ mi bò ó. Mo fi oyin sí apá òsì ahọ́n wọn. Mo bi wọ́n pé kí ni. Wọ́n ní omi. Mo fi iyọ̀ sí i. Wọ́n ní omi. Mo fi ata sí i. "Ata!" Wọ́n sọ ọ́ tìgbéraga-tìgbéraga, orí wọn gòkè. Mo wá fi oyin kan náà sí apá ọ̀tún.

Mo rí i pé ètè wọn ń gbọ̀n, apá kan ṣoṣo tó lè gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ìbínú dé. Wọ́n gbá igbá oyin dànù, oyin olóyin, àwọn èèrà jẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì. "Ta ló ní kí o tọ́ mi wò? Ìkòkò aró ni mí? O fẹ́ gba ìkòkò mi, àbí? Kí n lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí n máa kí àwọn tó ń kọjá?" Mo ní rárá o, Yèyé. Mo ní ẹ ṣáà gbé aró sí apá ọ̀tún. Wọ́n ní kí n kúrò lójú àwọn.

Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò jáde láti ẹnu wọn sí mi. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á máa wo adìẹ. Mo ti ń di ẹrù mi díẹ̀díẹ̀ lọ́kàn. Àfi bí olóbì ṣe dé ní àárọ̀ kan tí Yèyé ju ọwọ́ sí i pé kó máa lọ. Obìnrin náà rò pé eré ni. Wọ́n tún ju ọwọ́. Wọ́n kó obì tó kù nínú ìkòkò wọn, wọ́n dà á sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ní, "Jẹ ẹ́, tàbí kí o dà á nù." Wọ́n gbé iṣẹ́ obì kúrò lọ́wọ́ apá ọ̀tún. Ẹni tí kò bá jẹ́ ará Rẹ́mọ lè máà mọ bí ìyẹn ṣe pọ̀ tó. Orí fọ́ wọn títí, wọ́n ń kanra mọ́ ewúrẹ́, mọ́ igi, mọ́ èmi.

Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún kò mọ aró. Obì ló mọ̀. Bí ìyàwó tuntun ló rí nídìí ìkòkò, ohun gbogbo ló ń bá a lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ta ẹní sí iwájú àwọn ìkòkò kí ẹnìkan má baà rí wa, wọ́n pè mí, wọ́n fi orí tọ́ka sí aró. "Fi ìka kàn án. Kí ló wà lẹ́nu rẹ?" Ahọ́n méjì nínú ìkòkò kan! Mo ní ó ta mí. "Mo mọ̀ pé ó ta ọ́, òpònú, kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀?" Mo ní ó kan. Yèyé á wá fi ìka kan apá ọ̀tún tiwọn, wọ́n á dijú kan, èkejì á ṣí sílẹ̀ máa wò mí, wọ́n á ní, "Ó kan bíi kí ni? Bí ọsàn ni, àbí bí ògì ọjọ́ kẹta?" Bí ògì, mo ní. Wọ́n á máa wá ògì náà kiri lẹ́nu, títí wọ́n á fi rí i. Nígbà tí wọ́n bá rí i, wọ́n á fọwọ́ gbá mi léjìká bí ẹni gbá ọ̀rẹ́.

Áà, àwọn àárọ̀ yẹn. Mo ti bímọ, mo ti sin ọkọ, mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ní kí n máa dúpẹ́ lé lórí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n yan ibi tí mo fẹ́ padà sí, ẹ̀yìn ẹní yẹn ni. Ìrì ṣì wà lórí ewé, ètè àwa méjèèjì dúdú fún aró, Yèyé ń bú mi ní wúyẹ́wúyẹ́ kí àwọn aládùúgbò má baà gbọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní nǹkan kan rí tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ òwú pé. Ìyá ahunṣọ wá jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò, wọ́n wá wo ẹni tí yóò lọ àti ẹni tí yóò dúró. Lẹ́yìn ẹní, Yèyé fi ìka kan aró, wọ́n ní, "Ó jinná." Èmi náà tọ́ ọ wò. Kíkan náà ṣì wà lẹ́yìn pátápátá, tín-ín-rín.

"Yèyé, ẹ dákun. Kò tíì jinná."

Wọ́n wò mí. Wọ́n fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n rọra sọ̀rọ̀. "Bí a bá dúró, tí aró yìí sì kú mọ́ wa lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ló pa á. Ìkẹ́nnẹ́ lò ń lọ. O mọ̀?"

"Mo mọ̀, Yèyé."

Mo mọ̀ lóòótọ́. Wọ́n dé ìkòkò. Èmi ni mo jáde lọ sọ fún àwọn obìnrin náà pé ó di ọ̀la. Ẹ ò bá gbọ́ òṣé tí wọ́n pa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tún pàdé nídìí ìkòkò. Mo fi ìka kàn án. Ó ta, lẹ́yìn náà ó korò, lẹ́yìn náà adùn díẹ̀ tẹ̀lé e bí ọmọ tó ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Kíkan ti lọ. Yèyé tọ́ tiwọn wò, wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì mú òwú Ìyá ahunṣọ, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́. "Ki òwú bọ̀ ọ́," ni wọ́n wí.

A ki òwú bọ̀ ọ́, a fà á jáde. Ó kọ́kọ́ rí bí ewé, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó ń dú lójú wa. A tún ki òwú bọ̀ ọ́, a tún fà á jáde. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe títí ó fi dú dé ibi tí dúdú mọ. Mo sá a sórí okùn, ẹní sì ṣubú, kò sẹ́ni tó tún un gbé.

Ìyá ahunṣọ àti àwọn obìnrin àná ti padà wá sábẹ́ igi. Ìyá ahunṣọ dìde, wọ́n fi ọwọ́ pa òwú náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú wọn tó ti fẹ́ fọ́, wọ́n kọjú sí oòrùn. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dú. Tí wọ́n bá fi èyí wé mi, àwọn tó ṣáájú mi lọ á bi mí pé ta ló rẹ ẹ́." Gbogbo obìnrin rẹ́rìn-ín, wọ́n hó yè. Ìyá ahunṣọ wá kọjú sí ibi tí mo wà, wọ́n ní, "Ó dáa, ẹsẹ̀ ìyàwó ti wá di ẹsẹ̀ ire. A dúpẹ́. Kó máa bá wa gbé."

Ó tó mi. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, mi ò ní dé Ìkẹ́nnẹ́ mọ́, kí ni mo tún ń wá? Ibẹ̀ ni Yèyé ti mú ìborùn kúrò lẹ́nu. Wọ́n sọ nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ló jáde, pẹ̀lú ìtọ́ díẹ̀. Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. "Kí ni Yèyé wí?" Wọ́n yíjú sí mi, nítorí èmi ni mo máa ń gbẹnu wọn sọ̀rọ̀. Èmi ti gbọ́ ọ. Mo la ẹnu, mi ò lè sọ ọ́. Irú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnìkan kì í gbẹnu ẹnìkan sọ ọ́.

Yèyé gbé ọwọ́ wọn tó dúdú fún aró sókè, lójú gbogbo èèyàn, wọ́n fi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì títí ètè méjèèjì fi pàdé, wọ́n sì tún un sọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má baà sẹ́ni tí kò ní gbọ́.

"Ẹsẹ̀ ọmọ yìí kò pa aró kankan. Ahọ́n mi ló kú. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́."

Mo sunkún, mi ò fi pamọ́ fún ẹnìkankan. Nígbà tó yá, mo bu omi wá, mo sì fọ aró kúrò lójú wọn.